Ẹni Tí Ó Ni Odò Ni Kí Ó Ni Iná: Àsọyé lórí Agbára Omi àti Afẹ́fẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo Ẹgbẹ́ bá àwọn aṣojú ẹ̀ka ìgbèríko sọ)

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ta ni yóò jókòó sí ipò wo. Ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná ni. Kò sí ìpàdé ẹ̀ka kan tí a lọ ní ìgbèríko tí wọn kò ti bi wá pé: nígbà wo ni iná yóò dé ọ̀dọ̀ wa? Ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n a fẹ́ fi ìbéèrè mìíràn kún un, nítorí pé òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀: nígbà tí iná náà bá dé, ta ni yóò ni ín? Ìlú tí kò bá ní ọwọ́ nínú ẹ̀rọ tí ń mú iná wá, iná ìlú náà yóò máa wá bí àlejò, yóò sì máa lọ bí àlejò. Kókó ọ̀rọ̀ wa nìyẹn. Gbogbo ohun tí ó kù, àlàyé ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí iṣẹ́ náà ti ń lọ, nítorí pé ohun tí ènìyàn kò bá mọ ìdí rẹ̀ ni a fi ń tàn án jẹ.

Ẹ̀rọ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní tọ́báìnì kì í ṣe idán. Kẹ̀kẹ́ irin ni, tí ó ní abẹ̀bẹ̀ yí ká. Omi tàbí afẹ́fẹ́ a máa ti àwọn abẹ̀bẹ̀ wọ̀nyí, kẹ̀kẹ́ náà a sì máa yí. Ọ̀pá irin tí ó wà láàárín rẹ̀ ni a so mọ́ jẹnẹrétọ̀. Nínú jẹnẹrétọ̀ ni irin òòfà ti ń yí láàárín wáyà bàbà tí a ká jọ, ìyípo yìí ni ó sì ń mú kí iná máa ṣàn nínú wáyà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ń pariwo lẹ́yìn ilé wa ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé epo ni ó ń yí i, owó wa ni ó sì ń jó. Omi kì í jó. Bí ó bá ti yí kẹ̀kẹ́ tán, inú odò ni yóò padà sí, ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ odò yóò sì tún lò ó.

Ohun méjì ni ó ń pinnu agbára omi: bí omi náà ti pọ̀ tó, àti bí ibi tí ó ti ń ṣubú ti ga tó. Ẹ mú lítà omi 1,000, èyí tí í ṣe kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ní ọ̀nà 40. Bí omi tí ó tó báyìí bá ń ṣubú ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan láti ibi tí ó ga ní mítà 10, èyí tí í ṣe bí ẹsẹ̀ bàtà 33, agbára tí ó wà nínú rẹ̀ tó bíi kílówáàtì 98. Ẹ̀rọ kò lè gbà á tán. Bí a bá yọ ohun tí ń ṣòfò lójú ọ̀nà, a lè retí bíi kílówáàtì 70. Bí ẹ̀rọ kan tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ bá ń gba kílówáàtì 4, omi yìí yóò yí irú rẹ̀ 17 lẹ́ẹ̀kan náà, tọ̀sán tòru. Bí gíga náà bá di ìlọ́po méjì, agbára yóò di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, odò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń já láti orí òkè lè ṣe iṣẹ́ tí odò ńlá tí ń rìn jẹ́jẹ́ lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ kò lè ṣe.

Ti afẹ́fẹ́ yàtọ̀ díẹ̀. Bí apá ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ bá gùn ní ìlọ́po méjì, agbára tí yóò mú yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa, nítorí pé idà olójú méjì ni: níbi tí eré afẹ́fẹ́ bá ti dín sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́jọ agbára náà ni yóò ṣẹ́kù. Ilẹ̀ igbó wa níhìn-ín kì í sábà ní afẹ́fẹ́ líle tí ó ń fẹ́ láìdáwọ́ dúró. Òkè ọ̀hún ní Àríwá ni ó sàn jù. Ìdí nìyẹn tí a fi gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ 37, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílówáàtì 275, kalẹ̀ ní Lambar Rimi ní Ìpínlẹ̀ Katsina. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín láàárín oko kòkó tí ó ní òun yóò ta ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fún yín, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ wọn afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fún odindi ọdún kan, kí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a yíjú sí ìtàn ilẹ̀ wa, kí a sì máa béèrè ní ìgbà kọ̀ọ̀kan pé: ta ni iná náà wà fún?

Ní 1896 ni iná mọ̀nàmọ́ná kọ́kọ́ tàn ní Èkó, lábẹ́ ìjọba amúnisìn. Ní 1929 ni ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ NESCO bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Òkè Jos, tí ó ń fi omi Kurra mú iná jáde. Ta ni iná yìí wà fún? Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń wa tánńganran, irin tí a fi ń ṣe agolo, ni. Ibi ìwakùsà ni wáyà gbà lọ. Àgbẹ̀ tí odò náà ń ṣàn gba ẹ̀bá oko rẹ̀ kọjá kò sí nínú ìṣirò ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira ni iṣẹ́ ńlá dé. Ní 1964 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í sé Odò Ọya ní Kainji, ní 1969 sì ni a ṣí ìsédò náà. A ń fi tọ́báìnì kún un títí ó fi pé 8, tí agbára gbogbo wọn jẹ́ mẹ́gáwáàtì 760. Ní 1985 ni a ṣí ti Jẹ́bà nísàlẹ̀ odò kan náà, pẹ̀lú tọ́báìnì 6 tí agbára wọn jẹ́ mẹ́gáwáàtì 578. Omi tí Kainji bá ti lò tán ni Jẹ́bà ń tún lò. Ní 1990 ni a ṣí Shiroro lórí Odò Kaduna, mẹ́gáwáàtì 600. Láìpẹ́ yìí ni Zungeru, mẹ́gáwáàtì 700, tẹ̀lé e lórí odò kan náà.

A kò bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ wọ̀nyí. Ohun ìyangàn ni wọ́n jẹ́, ó sì dára kí àwọn ọmọ wa mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì. Nígbà tí omi Kainji kún, ó bo ìlú Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn bí 44,000 ni wọ́n fi ilé àti oko baba wọn sílẹ̀. A kọ́ ìlú tuntun fún wọn, òótọ́ ni. Wáyà ńlá sì gbé iná lọ sí Èkó àti àwọn ìlú ńlá mìíràn. Ọdún 41 ni ó kọjá lẹ́yìn tí a ṣí ìsédò náà kí ìjọba àpapọ̀ tó ṣe òfin, ní 2010, tí ó dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa tọ́jú àwọn àdúgbò tí iná omi ti ń wá. Ọmọ tí a bí ní ọdún tí a ṣí Kainji ti lé ní ogójì ọdún kí òfin náà tó jáde. Bí ó ti máa ń rí nìyẹn nígbà tí ẹni tí ó ni odò kò bá sí níbi tí a ti ń pín iná.

Ẹ má sì jẹ́ kí a rò pé ọ̀rọ̀ Odò Ọya nìkan ni. Ìsédò Ọ̀yán wà nítòsí Abẹ́òkúta níhìn-ín láti 1983, ó ń pèsè omi mímu fún Abẹ́òkúta àti Èkó. Ní ọdún náà gan-an ni a gbé tọ́báìnì 3 sínú rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́gáwáàtì 3. Títí di 2007, a kò tíì lò wọ́n. Ọdún 24! Omi ń kọjá, ẹ̀rọ wà ní ìjókòó, àwọn ará abúlé ń ra epo. A bi yín léèrè: bí ó bá jẹ́ pé àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò àdúgbò náà ni wọ́n ní ẹ̀rọ wọ̀nyí, tí owó ìpín wọn wà nínú rẹ̀, ǹjẹ́ wọn yóò jẹ́ kí ó sùn fún ọdún 24? Ẹni tí ó ni màlúù ni í mọ ọjọ́ tí kò jẹ koríko.

Ẹnìkan lè dìde kí ó wí pé: àgbẹ̀ kẹ̀? Ṣé àgbẹ̀ lè ní ilé iṣẹ́ iná? A dáhùn pé ó ti ṣẹlẹ̀ rí, kì í sì í ṣe ìtàn àlọ́.

Ní ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì, ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Askov, olùkọ́ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Poul la Cour. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti ń kọ́ni jẹ́ ti àwọn ọmọ àgbẹ̀. Ní 1891, ó gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kan dúró níbẹ̀, ó sì fi í mú iná mọ̀nàmọ́ná jáde. Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí iná má ṣe jẹ́ ohun tí àwọn ará ìlú ńlá nìkan yóò máa gbádùn, tí àwọn ará oko yóò máa wò láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n kò fi mọ sórí ẹ̀rọ nìkan. Láti 1904 ni ó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìgbèríko ní iṣẹ́ iná, kí abúlé lè ní ẹni tí yóò máa tún ẹ̀rọ ṣe. La Cour kú ní 1908. Nígbà tí ó fi di 1918, bí ilé iṣẹ́ iná ìgbèríko 120 ni ó ti ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tirẹ̀, púpọ̀ nínú wọn láàárín kílówáàtì 20 sí 35. Ẹ̀rọ kékeré ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ní olówó nítòsí.

Ẹ wo èso ẹ̀kọ́ yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ó jókòó lẹ́sẹ̀ la Cour ní 1904 ni Johannes Juul. Ní 1957, òun ni ó ṣe ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ alápá mẹ́ta ní Gedser, kílówáàtì 200, tí ó ṣiṣẹ́ títí di 1967. Nígbà tí epo rọ̀bì wọ́n gógó ní 1973, àwọn ará Dẹ́nmáàkì kò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ ti wà nílé. Ní 1978, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Tvind parí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ńlá kan tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́. Ní 2000, a gbé ẹ̀rọ 20 sínú òkun ní Middelgrunden, lójú ìlú Copenhagen, mẹ́gáwáàtì 40 lápapọ̀. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ju 8,500 lọ. Lónìí, ó ju ìdajì iná ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì lọ tí ó ń ti inú afẹ́fẹ́ wá. Afẹ́fẹ́ wọn lágbára ju tiwa lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe afẹ́fẹ́ ni a fẹ́ kí ẹ kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ìlànà wọn ni.

Bí ẹ bá ní ti omi ni ẹ fẹ́ gbọ́, ẹ wo Nepal, ilẹ̀ olókè ńlá ní Éṣíà. Láti ìgbà láéláé ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń fi omi yí ọlọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn alágbẹ̀dẹ irin wọn ti ń rọ tọ́báìnì kékeré fún àwọn abúlé. Lọ́sàn-án, tọ́báìnì náà a máa bó ìrẹsì, a máa lọ ọkà, a sì máa fún epo; bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀, ilé a sì mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sán ni ó ń mú owó wá láti fi tọ́jú iná òru. Àwọn ìyá wa tí ń ṣe gàrí àti epo pupa yóò mọ̀ pé ọgbọ́n tí ó bá wa mu ni èyí.

Àwa pẹ̀lú kì í ṣe àjèjì sí ìlànà àjùmọ̀ní. Láti 1935 ni òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wà ní Nàìjíríà, àwọn àgbẹ̀ kòkó wa sì mọ bí a ti ń kó èso jọ, tí a ń wọ̀n ọ́n, tí a sì ń pín èrè. Ohun tí a ṣe sí kòkó, a lè ṣe é sí iná.

Òfin pàápàá ti ṣí ilẹ̀kùn. Títí di ẹnu àìpẹ́ yìí, ìjọba àpapọ̀ ni ó di ọ̀rọ̀ iná mú ṣinṣin. Àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa ní oṣù Kẹta 2023, àti Òfin Iná Mọ̀nàmọ́ná tí ó jáde ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, ti fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àṣẹ láti ṣe òfin iná tirẹ̀. Òfin 2023 náà sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ mú iná jáde tí kò ju mẹ́gáwáàtì 1 lọ ní ojú kan, kò nílò ìwé àṣẹ ńlá. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá fẹ́ pín iná tí kò ju kílówáàtì 100 lọ. Ìpínlẹ̀ tí ó bá ti gba àkóso iná rẹ̀ lè ní ìlànà tirẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó dáwọ́ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún sọ fún yín pé òfin kò fún abúlé láyè.

Kí wá ni ṣíṣe? Ohun márùn-ún ni Ẹgbẹ́ ń fi síwájú yín.

Èkíní, ẹ wọn odò yín. Kì í ṣe gbogbo omi tí ń dún ni ó lè yí ẹ̀rọ. Ẹ má ṣe wọ̀n ọ́n ní oṣù Kẹsàn-án nígbà tí ó kún; oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Omi tí ó bá ṣẹ́kù nígbà náà ni ẹ lè gbójú lé láti ọdún dé ọdún.

Èkejì, ẹ dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù iná sílẹ̀ kí ẹ tó ra ẹ̀rọ. Kí ìpín má ṣe pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹnìkan, kí àwọn obìnrin ní ìpín ní orúkọ ara wọn, kí a sì máa ka ìwé owó ní gbangba.

Ẹ̀kẹta, ẹ yan ọ̀dọ́ méjì, ó kéré tán, kí wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti iná. Ọ̀kan kò tó. Bí ó bá lọ sí Èkó, òkùnkùn ni yóò fi sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí gbogbo ilé ní mítà iná, kí gbogbo ènìyàn san owó ohun tí ó bá lò, ọba àti ìjòyè pẹ̀lú. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le. Ṣùgbọ́n iná ọ̀fẹ́ kì í pẹ́ kú. Nínú owó tí ó bá wọlé, ẹ ya apá kan sọ́tọ̀ fún àtúnṣe, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án fún ọdún ìbílẹ̀ tàbí fún ìbò, ìbáà jẹ́ ìbò Ẹgbẹ́ wa.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ bá aládùúgbò yín tí ó wà nísàlẹ̀ odò sọ̀rọ̀ kí ẹ tó sé omi. Ẹja rẹ̀, ẹ̀fọ́ àkùrọ̀ rẹ̀ àti omi mímu rẹ̀ wà nínú odò náà. Bí a bá ń ké pé a fi ìyà jẹ àwọn ará Bussa, a kò gbọdọ̀ di ẹni tí yóò fi ìyà jẹ ẹlòmíràn.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní oòrùn ni kí a lò, nítorí pé gíláàsì tí ń gba iná oòrùn kò wọ́n bíi ti àtijọ́ mọ́. A kò bá wọn jà. Níbi tí kò sí odò, oòrùn ni ọ̀nà. Ṣùgbọ́n oòrùn a máa wọ̀, bátìrì a sì máa gbó; odò kì í wọ̀. Ní àkókò òjò tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run ni odò ń kún jù. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tí odò ń fà ni oòrùn ń ràn jù. Ẹni tí ó bá so méjèèjì pọ̀ ti ṣe ọgbọ́n. Èyíówù kí ẹ yàn, ìbéèrè wa kò yí padà: ta ni yóò ni ín?

Àwọn mìíràn yóò sọ pé iṣẹ́ ìjọba ni. Ìjọba ní iṣẹ́ rẹ̀, Ẹgbẹ́ wa kò sì ní dákẹ́ lórí rẹ̀: ọ̀nà, owó ìyálò tí kò ní èlé gọbọi, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, àti òfin tí yóò dáàbò bo ìpín àwọn àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba tí ó bá ìlú tí ó ti wọn odò rẹ̀, tí ó ti kó owó jọ, tí ó sì ti kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́, kò ní lè fi ọ̀rọ̀ dídùn lé e sẹ́yìn. Ẹni tí ó da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù.

Ẹ̀yin aṣojú, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ẹ̀ka yín. Ẹ fi sí ìpàdé àkọ́kọ́ tí ẹ bá ṣe. Kí akọ̀wé ẹ̀ka kọ orúkọ odò kọ̀ọ̀kan tí kì í gbẹ ní àdúgbò yín sílẹ̀, kí ó kọ bí ibi tí ó ti ń ṣubú ti ga tó, kí ó sì kọ orúkọ àwọn tí ó ni ilẹ̀ ibẹ̀. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ẹ jáde lọ wọ̀n ọ́n. Ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí wa, ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́wọ́, nítorí pé tiyín ni.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí Olódùmarè bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa.